Igba Ojú Tí Ó Ń Wo Ọmọ: Àkọsílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹ̀tọ́ Òbí ní Amẹ́ríkà, 1974 sí 2025

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "wò" tí ó wà nínú òwe yìí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó ń wo ọmọ lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni ó kàn tẹjú mọ́ ọn. Òwe náà kò pààlà sáàárín méjèèjì, nítorí pé ní àdúgbò tí wọ́n ti ń pa á, ẹni tí ó rí ọmọ ní ìta mọ òbí rẹ̀, òbí náà sì mọ ẹni tí ó rí i.

Orílẹ̀-èdè tí ààlà náà ti di ọ̀rọ̀ òfin ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1974 sí 2025, àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú àpótí ìwé tí a tì pa ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́, ó bọ́ sórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí òbí lè ṣí láti ilé. A sábà máa ń ròyìn ìyípadà yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ìtàn náà. Èkíní: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ọmọ? Èkejì: ọwọ́ ta ni àkọsílẹ̀ náà wà? Òfin àti ẹ̀rọ dáhùn èkíní dé ìwọ̀n gíga. Èkejì ni a fi sílẹ̀ láìdáhùn, òun náà ni ó sì wá di wàhálà.

2. Fáìlì tí òbí kì í rí

Kí ó tó di 1974, káàdì èsì ni ọ̀pọ̀ òbí ní Amẹ́ríkà fi ń mọ bí ọmọ wọn ti ń ṣe sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn káàdì yìí, fáìlì mìíràn tún wà ní ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ ni a ń kó èsì ìdánwò ọpọlọ sí, àti ohun tí olùkọ́ rò nípa ìwà ọmọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú èrò rẹ̀ nípa ìdílé tí ọmọ ti wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òbí kò lè rí fáìlì náà, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá àti àwọn àjèjì mìíràn ń rí i. Bí olùkọ́ kan bá kọ ọ́ pé ọmọ kan kò gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà a máa tẹ̀ lé ọmọ náà láti kíláàsì dé kíláàsì, ẹni tí ó yẹ kí ó jà fún un kò sì ní mọ̀ pé a kọ ọ́.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 1974, akọ̀ròyìn Diane Divoky gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Parade. Sẹ́nétọ̀ James Buckley ti New York mú un lọ sí ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún kan náà, Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní FERPA, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó dè. Ó pa á láṣẹ pé bí òbí bá béèrè àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ kí ó tó rí i. Ó fún òbí láyè láti béèrè pé kí a tún ohun tí kò tọ̀nà ṣe. Ó sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìyọ̀ǹda kí ó tó fi àkọsílẹ̀ náà han àjèjì, yàtọ̀ sí àwọn ibi tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Kókó méjì nínú òfin yìí yẹ ní kíkíyèsí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní òbí kò mọ sórí ẹni tí ó bí ọmọ: alágbàtọ́, àti ẹni tí ó dúró bí òbí nígbà tí òbí kò sí nítòsí, wà lára wọn. Àǹtí tàbí ìyá àgbà tí ó gba ọmọ tọ́ kò ṣàjèjì sí ìlànà yìí, Yorùbá tí ó bá sì ń gbé ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé òfin náà súnmọ́ àṣà tirẹ̀. Kókó kejì ni pé bí ọmọ bá pé ọdún 18, tàbí tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Òfin náà gbà pé ìwòye òbí ní òpin.

3. Ẹ̀rọ ṣí ilẹ̀kùn

Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ṣòro lò. Òbí ní láti kọ̀wé béèrè, kí ó sì wá àkókò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò iṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó mú ìnira yìí kúrò. Ní 1997, Greg Porter dá PowerSchool sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Ìlànà rẹ̀ kò le: olùkọ́ yóò kọ máàkì àti ìwàníkíláàsì sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé yóò sì rí i láti ibikíbi. Ohun tí òfin 1974 fi ọjọ́ 45 sí di ohun ìṣẹ́jú kan.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Òbí tí ó ń ṣiṣẹ́ òru lè mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an pé ọmọ òun kò dé kíláàsì. Àìlera nínú ìṣirò hàn kí sáà tó parí, nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ pàdánù nǹkan kan. Láyé káàdì èsì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kùnà nínú iṣẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi tún ara rẹ̀ ṣe kí ìròyìn tó délé. Lórí ẹ̀rọ, àṣìṣe ọjọ́ Ajé lè délé kí ọmọ náà tó dé. Àyè tí ọmọ fi ń kọ́ bí a ti ń ṣubú tí a sì ń dìde fúnra ẹni wá dín kù.

4. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Bí iye àwọn tí ń lo ẹ̀rọ náà ti ń pọ̀ sí i ni ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Apple ra PowerSchool ní 2001, Pearson rà á ní 2006, Vista Equity Partners rà á ní 2015, Bain Capital sì gbà á ní 2024 ní iye tí ó ju bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ. Ní 2008, ìjọba tún ìlànà FERPA ṣe: ilé-iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ni a lè kà sí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣì ní àṣẹ lórí bí a ti ń lo àkọsílẹ̀ náà. Báyìí ni àjèjì ọjọ́ kìíní ṣe di ará ilé.

Àwọn òbí fura. Ní 2013, àjọ kan tí ń jẹ́ inBloom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dọ́là tí ó ti ọwọ́ àjọ Gates àti Carnegie wá. Èrò rẹ̀ ni láti kó àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìpínlẹ̀ púpọ̀ jọ sí ojú kan. Òbí fárígá, wọ́n béèrè ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Ìpínlẹ̀ bí i mélòó kan yọ ọwọ́, New York sì fi òfin dè é. Ní oṣù kẹrin, 2014, inBloom kéde pé òun yóò kógbá sílé. Ní ọdún yẹn kan náà, California ṣe òfin tí ó kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti ta ọ̀rọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ níbi tí wọn kò fojú sí. Ní oṣù kejìlá, 2024, ẹnì kan lo orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a jí láti wọ inú ẹ̀rọ PowerSchool. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé ọ̀rọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju mílíọ̀nù 60 lọ àti olùkọ́ bí i mílíọ̀nù 10 ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà san owó kí olè má baà tú àṣírí náà síta. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún, 2025, a tún ń fi àkọsílẹ̀ kan náà halẹ̀ mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní North Carolina àti ní Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ ọdún 19, ni ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní ilé-ẹjọ́. A sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ Toronto fi hàn pé lára ohun tí a jí ni ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ti wà nílé-ẹ̀kọ́ láti 1985. Àwọn wọ̀nyí ti dàgbà, púpọ̀ wọn ti di òbí fúnra wọn. Fáìlì ìgbà èwe wọn ṣì wà níbi tí wọn kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí kí ó tó di 1974.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi yé ni. Òbí jà kí a lè jẹ́ kí àwọn rí àkọsílẹ̀, wọ́n sì borí. Ẹ̀rọ sọ ẹ̀tọ́ náà di ohun tí ó rọrùn lò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ṣe gbòòrò tó fún òbí, bẹ́ẹ̀ ni ó gbòòrò tó fún ẹlòmíràn, nítorí pé ibi kan náà ni a kó ohun gbogbo jọ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà, 2023, a fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, tí ó ní kí a gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá ti nílò ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda dára, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ti fi hàn pé kò tó. Ẹni tí a bá ní kí ó buwọ́ lùwé yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ yóò wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó pa á rẹ́. Igba ojú tí òwe ń sọ jẹ́ ojú tí ọmọ mọ̀, tí ó sì lè kí ní òwúrọ̀. Ojú tí ọmọ kò mọ̀, tí òbí rẹ̀ kò sì mọ̀, kò sí nínú igba náà.