Baálé Kú, Ilé Ò Dahoro

"Àgbà ò sí nílùú, ìlú bàjẹ́, baálé ilé kú, ilé dahoro." Bí a bá gbọ́ òwe yìí, ènìyàn ni ọkàn wa máa ń lọ bá: bàbá kú, ilé tú. Ṣùgbọ́n àga baálé yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sí i, ìtàn Ìjọ Maronite ti Lẹ́bánónì sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ní baálé tiwọn, Pátíríákì Áńtíókù. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì tó tẹ̀ lé Maron Mímọ́ ní Síríà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Nígbà tí ayé le, wọ́n sá gorí òkè Lẹ́bánónì. Láti 1440, Qannoubine, ilé mọ́ńkì tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta nínú àfonífojì Qadisha, ni Pátíríákì ń gbé fún ohun tó lé ní 300 ọdún. Bkerke ló wà lónìí. Ẹni tó bá gun àga náà, wọ́n á fi Boutros, ìyẹn Pétérù, kún orúkọ rẹ̀, torí wọ́n gbà pé Áńtíókù ni Pétérù ti kọ́kọ́ ṣe olórí kó tó dé Róòmù. Olóyè á kú, Boutros kò ní bá a wọ kòtò.

Ẹnì kan lè jiyàn pé oyè asán ni oyè ẹni tó wà lábẹ́ Póòpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Maronite fúnra wọn ló ń péjọ dìbò yan Pátíríákì. Lẹ́yìn náà ló tó kọ̀wé sí Póòpù láti béèrè ìdàpọ̀. Àfi bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan ni ọ̀rọ̀ máa ń di ti Róòmù. Agboolé Ìbàdàn ń yan mọ́gàjí tirẹ̀ kó tó mú un lọ sọ́dọ̀ Olúbàdàn. Ta ló jẹ́ pe mọ́gàjí ní olóyè asán?

Àtakò tó wúwo jù ni pé kí ni àlùfáà ń wá nínú òṣèlú. Nígbà ìyàn tó pa Lẹ́bánónì run lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, Elias Hoayek ló wà lórí àga. Òun náà ló kó aṣojú lọ sí Paris ní 1919, tó ní kí Lẹ́bánónì dá dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1920, wọ́n kéde Lẹ́bánónì Ńlá, lábẹ́ àkóso Faransé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ, Síríà ni wọ́n fẹ́ bá lọ, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná tán. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìyàn yẹn, ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò lójú kò lè panu mọ́.

Àṣẹ náà ní ààlà o. Àwọn Kòráà, ìyẹn àwọn ará Lẹ́bánónì tó wá ṣòwò lọ́dọ̀ wa, kò fi ìjọ wọn sílé. Ní 2018, Póòpù Francis dá àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù Maronite sílẹ̀, Ìbàdàn sì ni ibùjókòó rẹ̀. Póòpù ló yan bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, nítorí òde ilẹ̀ Pátíríákì ni. Àmọ́ nínú Máàsì, wọ́n máa ń dá orúkọ Póòpù, wọ́n á sì dá ti baálé tó wà ní Bkerke.