Yíyan Kánsẹ́lọ̀ ní Gúúsù Èkìtì

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń pè ní British Museum, ilẹ̀kùn onígi kan wà tí ó ti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wá. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá láàrin àwọn agbẹ́gilére, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní 1924 ni a gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, àwọn òyìnbó sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ tiwọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. (Èwo nínú méjèèjì ni ó níye lórí jù, ẹ̀yin ni kí ẹ dáhùn.) Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ọba gúnwà, olorì rẹ̀ sì dúró tì í lẹ́yìn. Ní apá kejì, òyìnbó aláṣẹ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ambrose ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e, àwọn aláàárù sì ń bẹ lára àwọn tí ó bá a rìn. Ọ̀rọ̀ ìlú wà láàrin ẹni méjì. Àwọn tí ó ru ẹrù, ẹrù nìkan ni wọ́n ń rù.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìmọ̀ràn gbà kí òyìnbó tó dé. Kò sí ọba Èkìtì tí ó lè dá ìlú ṣe láìsí àwọn ìjòyè. Olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ààfin, ọba tí kò bá sì gbọ́ràn, àwọn ìjòyè mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ìjọba òyìnbó ni ó sọ ọba di ẹni tí ń bá ajẹ́lẹ̀ gba owó orí, tí ó fi jẹ́ pé ajẹ́lẹ̀ ni ọba ní láti tẹ́ lọ́rùn ṣáájú ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé, àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé àti àwọn oníṣòwò kòkó, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni wọ́n ń fi owó àwọn ṣe.

Ìdáhùn dé ní ọdún 1952, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mínísítà tí ọ̀ràn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òfin yìí pín kánsù sí ipò mẹ́ta, láti orí ti ìpínlẹ̀ ńlá títí dé orí ti ìlú kéékèèké. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọba àti àwọn ìjòyè láti jókòó níbẹ̀, ọba pàápàá sì lè jẹ́ olórí fún ọlá, ṣùgbọ́n àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni ó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, àwọn náà ni yóò sì yan alága láàrin ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ lè jókòó kọjú sí ìjòyè kí ó sì bi í léèrè owó ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí èyí ti rí létí àwọn àgbà ìgbà náà.

Iṣẹ́ kánsù kò kéré. Òun ni ó ń tún ọ̀nà ìlú ṣe, tí ó ń kọ́ ìsọ̀ ọjà, tí ó ń dá ilé ìtọ́jú aláìsàn sílẹ̀, tí ó ń san owó fún wolé-wolé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé tuntun jẹ́ ti kánsù. Gbogbo èyí gba owó, ọwọ́ ará ìlú náà ni owó sì ti ń jáde. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ìkùnsínú ti pọ̀ nítorí owó tí ìjọba bù lé owó orí láti fi san án. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC, tí àkùkọ jẹ́ àmì rẹ̀, ni ó borí ní Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ́ẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ó ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Ohun rere ni ìjọba fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò sanwó fẹ́ kí a kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí a ti ń dìbò nígbà náà yẹ ní mímọ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀wé, a máa ń to àpótí sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ti olùdíje kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àmì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Olùdìbò yóò gba ìwé rẹ̀, yóò wọ inú ìkélé lọ ní òun nìkan, yóò sì sọ ọ́ sínú àpótí tí ó wù ú. Bí ó bá jáde, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, tí àna, onílé àti olówó ẹni ń gbé àdúgbò kan náà, aṣọ ìkélé yẹn ṣe iyebíye.

A kò lè sọ pé àlàáfíà ni ó jọba níbi gbogbo. Ní Ọ̀yọ́, ìjà láàrin kánsù tuntun àti ààfin burú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò nílùú ní 1954. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú borí nínú ìdìbò kánsù ní 1954, ó di alága. Lẹ́yìn ìwádìí tí òyìnbó Nicholson ṣe, a tú kánsù náà ká ní 1956. Kánsù tí a dìbò yàn lè ṣìṣe bí ààfin ti lè ṣìṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a óò tún un yàn ń bọ̀.

Ọjọ́ náà ni ó sọnù. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn tí a dìbò yàn sì lọ sí ilé. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1976, lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, kí a tó tún dìbò kánsù, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti 1979 sí 1983, nígbà tí àwọn olóṣèlú ara wa wà lórí àga, wọn kò ṣe ìdìbò kánsù kankan. Àwọn gómìnà ń fi ọwọ́ ara wọn yan ẹni tí ó wù wọ́n. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò níí yí padà nítorí tèmi. Àwọn ológun ni ó tún ṣe òmíràn ní oṣù Kejìlá 1987, àti òmíràn ní oṣù Kejìlá 1990.

Ti 1990 yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Ẹgbẹ́ méjì ni ìjọba dá sílẹ̀, SDP àti NRC, wọ́n sì ní kí a má lo àpótí mọ́: kí olúkúlùkù tò sí ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí ó fẹ́, kí a kà wọ́n ní gbangba. Wọ́n ní èrú kò níí sí. Olùkọ́ tí ó ṣì kéré ní ọjọ́ orí ni mí, mo sì rí i bí wọ́n ti tò sí pápá ilé-ìwé. Ayálégbé ń wo ibi tí onílé tò sí kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Obìnrin kan dé, ó rí ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ìlà kan, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìlà kejì. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì padà sí ilé láìtò síbì kankan. Kíkà náà lọ létòlétò, kò sì sí ẹni tí ó ka obìnrin náà.

A dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó ní, Ìkẹ́rẹ́, Èmùré àti Ìsẹ̀/Ọ̀rùn sì wà lára wọn. Ẹ wo ìlà kékeré tí ó wà láàrin Ìsẹ̀ àti Ọ̀rùn nínú orúkọ náà: ó tó láti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípa ìlú tí alága yóò ti wá. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ Ògògà àti Olúkẹ́rẹ́ ti pẹ́, olùdíje tí kò ní nǹkan sọ nípa omi, ọ̀nà oko àti ìdọ̀tí ọjà lè sá sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti wá ìbò. Ẹ bi í nípa gọ́tà ná.

Nígbà tí àpótí padà dé, ọjà bá a dé. Nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì ti 2018, gbólóhùn kan tàn káàkiri: “Dìbò kí o sebẹ̀.” Ẹ mú gègé yín, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Bí ẹnìkan bá ta ìbò kánsù rẹ̀ ní ₦3,000, tí sáà kánsù náà jẹ́ ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 1,095 ni ó tà. Ẹ pín in: kò tó náírà mẹ́ta ní ọjọ́ kan. Mi ò tíì rí ọbẹ̀ tí a ń fi náírà mẹ́ta sè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe olùdìbò nìkan ni ó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ní oṣù Kejìlá 2008, a dìbò yan àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ ní Èkìtì fún ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kẹwàá 2010, ìjọba tuntun wọlé, ó sì tú wọn ká kí oṣù náà tó parí. Àwọn tí ọ̀ràn kàn gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé gómìnà kò ní agbára láti lé ẹni tí ìlú dìbò yàn, ó sì ní kí a san owó oṣù tí a fi dù wọ́n. Ọdún márùn-ún ti kọjá nígbà náà tí sáà wọn yẹ kí ó ti parí. Ní oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà tún pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí ó má ṣe gba ọwọ́ gómìnà, àti pé kánsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.