Lẹ́tà Márùn-ún tí Kò Sí Nínú Ábídí Wa: Orúkọ àti Ìwé ní Ìsàlẹ̀ Èkó



Ní Erékùṣù Èkó, òpópó kan wà tí a ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí pé Docemo. Òmíràn wà ní erékùṣù kan náà tí a ń kọ báyìí pé Dosunmu. Àlejò lè rò pé orúkọ ènìyàn méjì ni, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni, orúkọ Ọba Dòsùnmú tí ó jọba láti 1853 títí di 1885. Ohun tí ó ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọwọ́ tí ó mú kálàmù.

Lẹ́tà 26 ni ó wà nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì. 25 ni ó wà nínú tiwa. A kò ní c, q, v, x àti z. A sì ní ẹ, gb, ọ àti ṣ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Èrò mi ni pé lẹ́tà márùn-ún tí a kò ní wọ̀nyí dà bí ìpẹ̀kun ilẹ̀. Bí a bá bá ọ̀kan nínú wọn pàdé nínú orúkọ Yorùbá, àṣà àjèjì ni a fi kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sì bọ́ wọn sílẹ̀, ẹnu Yorùbá ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Bí a ṣe fa ààlà náà

Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, oníkálùkù ń kọ èdè yìí bí ó ti tọ́ lójú ara rẹ̀. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì ṣe àpérò lórí ọ̀rọ̀ náà ní Èkó níhìn-ín, Crowther tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù sì ni alága wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ pẹ̀lú àmì abẹ́ wọn. Àtúnṣe dé lẹ́yìn náà, pàápàá láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà kò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ábídí tí alága náà fọwọ́ sí lè kọ Àjàyí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ Crowther, orúkọ tí a fún un nígbà ìrìbọmi rẹ̀ ní Sàró ní 1825.

Ọ̀rọ̀ tí ó wọlé

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ọkọ̀ ojú omi, ilé ìjọsìn àti ilé ẹjọ́ wọ Èkó. Ẹnu àwọn ènìyàn kò bẹ̀rù wọn. Lẹ́tà c di k nínú kóòtù àti Késárì. C àti h di ṣ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. V di f nínú Dáfídì àti Fikitóríà, ó sì di b lẹ́nu ẹni tí ó ń pe dẹ́rẹ́bà. Z di s nínú Síónì. Òfin yìí kò mọ sórí Gẹ̀ẹ́sì nìkan: z inú èdè Lárúbáwá náà di s nínú sàká tí àwọn Mùsùlùmí ń yọ.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di tiwa. Ẹ wo Lagos, orúkọ tí a gbọ́ láti ẹnu àwọn Potogí. Lẹ́tà márààrún inú rẹ̀ wà nínú ábídí wa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi s parí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé Èkó ni ó dùn lẹ́nu wa.

Orúkọ tí a kọ sínú ìwé

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà ní Èkó, a kọ àdéhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rẹ̀ ni a ti ní Docemo fi erékùṣù àti èbúté Èkó lé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí “mú” ní ìparí Dòsùnmú. Kò sí ẹni tí yóò rí i nínú Docemo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àdéhùn 1861 yìí ni a tún tú wò. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé àdéhùn náà kò gba ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ wọn. Bákan náà, nígbà tí Ọba Èṣùgbàyí Eléko, tí ìjọba lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, borí níwájú ìgbìmọ̀ kan náà ní 1931, Eshugbayi ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹjọ́. Ọdún 56 ti kọjá lẹ́yìn àpérò 1875, síbẹ̀ ṣ kò tíì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Àwọn kan kò dúró de akọ̀wé. David Brown Vincent jẹ́ aṣíwájú nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ìbílẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1888. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì di Mojọlá Agbébí. V méjì àti c kan ni ó bá a lọ.

Ìkádìí

Èmi kò wí pé kí a lọ tún gbogbo àkọlé òpópó kọ. Ìdílé tí ó bá ń kọ orúkọ rẹ̀ bí baba rẹ̀ ti kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i, ìtàn sì wà nínú àṣìkọ pẹ̀lú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó lè ka méjèèjì. Bí kò bá mọ̀ pé Docemo ni Dòsùnmú, yóò ṣí ìwé tí ó sọ bí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ti ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò sì pa á dé, yóò rò pé ìtàn àlejò ni. Àwọn àgbà ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a lè rí ilé náà nínú orúkọ pẹ̀lú, lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀.