Ìlú Bọ́mà tó wà ní Yaba

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Láti Yaba la ti máa gbéra, a máa dé Éṣíà, a sì máa yà ní kóòtù kan ní The Hague.

Bárékè ṣọ́jà kan wà ní Yaba tó ń jẹ́ Myhoung. Láti Ìdó tí mò ń gbé, dáńfó kan péré ló máa gbé yín dé Yaba. Èdè wo ni Myhoung? Kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe orúkọ ọ̀gágun kankan. Ìlú ni. Ilẹ̀ Bọ́mà ló wà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Myohaung ni àwọn Òyìnbó kọ ọ́ sínú máàpù wọn, Mrauk U ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Kò dá wà o. Arakan Barracks wà ní Àpápá, Arakan sì ni gbogbo agbègbè etí òkun tí ìlú yẹn wà, tó bá Bangladesh pààlà. Dodan Barracks ní Òbáléńdé, níbi tí àwọn ológun ti jókòó ṣèjọba lé wa lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bọ́mà ni Dodan náà. Kalapanzin tó wà ní Kàdúná, odò ni ní Arakan. Ẹni tó bá ń gun dáńfó káàkiri Èkó ti ń ka máàpù Bọ́mà láìmọ̀.

Báwo la ṣe débẹ̀? Ogun Hítílà ni àwọn bàbá wa máa ń pè é, ṣùgbọ́n ti Bọ́mà kò fi bẹ́ẹ̀ kan Hítílà. Ogun Jàpáànì ni. Ní ìparí 1941, Jàpáànì kọlu àwọn ilẹ̀ tí Òyìnbó ń ṣàkóso ní Éṣíà, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 1942, wọ́n ti lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Bọ́mà. Epo rọ̀bì wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ká wọn lára jù ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kó ohun ìjà wọ Ṣáínà, nítorí pé Jàpáànì ti ń bá Ṣáínà jà láti 1937. Tí Bọ́mà bá sì ti bọ́, Íńdíà ló kàn, Íńdíà tí Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun láéláé.

Ẹ bá mi kà wọ́n: Jàpáànì, Ṣáínà, Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì. Níbo ni ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ọmọ Sókótó wà nínú ìjà yẹn? Kò sí. Síbẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80 ṣọ́jà tó lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone, Gambia. (Ẹ fi Gambia yẹn sọ́kàn.) Dífíṣọ̀n méjì ni, 81 àti 82. Aláǹtakùn dúdú ni 81 fi ṣe àmì, Ànàńsé tí àwọn ará Gánà máa ń fi pàlọ́ bí àwa ṣe ń fi Ìjàpá pa á.

Àfonífojì odò Kaladan ní Arakan ni wọ́n rán 81 lọ. Òkè àti igbó kìjikìji ni, kò sọ́nà. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà tí mọ́tò jíìpù lè gbà. Nígbà tí wọ́n wọnú àfonífojì tán, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn láti òkè, ohun tí bàálù bá sì jù sílẹ̀, orí ni wọ́n fi ń rù ú kiri. Wọ́n wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Jàpáànì lé wọn sẹ́yìn, wọ́n tún padà lọ. Ní oṣù kìíní 1945, àwọn ọmọ Áfíríkà láti 81 àti 82 gba Myohaung. Ibẹ̀ ni orúkọ bárékè Yaba ti wá.

Ẹnì kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, létí odò Kaladan, lẹ́bàá abúlé kan tó ń jẹ́ Mairong, àwọn Jàpáànì ká òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ìbọn dún, ọ̀pọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Eegun itan Isaac ṣẹ́, ọta tún wọ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pé kó kú.

Kò kú. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ń pọ́n omi mu nínú igbó, àwọn ará abúlé sì ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì wọ ilé rẹ̀. Tí Jàpáànì bá rí wọn níbẹ̀, òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ló máa kú. Ó mọ̀. Ó ṣì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù kejìlá 1944 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko láti ọjọ́ ìbọn yẹn.

Isaac padà sílé, ó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó wá ìdílé Shuyiman rí, ó sì kà á fún wọn. Shuyiman fúnra rẹ̀ ti kú. Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni, ó ti lé ní ọdún 65 tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú Isaac. Ó kú ní 2012.

Ta wá ni Shuyiman? Mùsùlùmí ará Arakan ni. Rohingya ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lónìí. Ibi tọ́rọ̀ ti yí nìyí.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sá lọ ní 1942, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Arakan dojú ìjà kọ ara wọn, wọ́n pa ara wọn bí ẹran. Gẹ̀ẹ́sì ń fi àwọn Mùsùlùmí ṣe amí, ó ń fún wọn níbọn. Jàpáànì ń lo àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ní 1945 ogun parí, nígbà tó yá àwọn àlejò méjèèjì kó ẹrù wọn. Àwọn aládùúgbò ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú ìjà náà. Bọ́mà gbòmìnira ní 1948, òfin ọmọ onílẹ̀ jáde ní 1982, ìjọba ka ìran 135 pé wọ́n jẹ́ onílé. Rohingya kò sí níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n bí bàbá bàbá yín sí Ọyìngbò, kí ìjọba sọ fún yín pé ẹ kì í ṣe ọmọ ibì kankan láyé.

Ní oṣù kẹjọ 2017, àwọn ọmọ Rohingya kan tó gbé ìbọn kọlu àgọ́ àwọn ọlọ́pàá. Àwọn ológun wá jó odindi abúlé níná. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 ènìyàn tó sá wọ Bangladesh.

Kí wá ni àwọn ará ilé sọ? Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ASEAN, bí ECOWAS tiwa, Myanmar sì wọ inú rẹ̀ ní 1997. Òfin tí wọ́n dì mú jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá sí ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíì. Mi ò fi gbogbo ara bá wọn wí, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí àlejò ti fi ṣe pápá ogun máa ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni tún wọlé. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ni apànìyàn ń sá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn alágbára tó kù ńkọ́? Ṣáínà ti fa páìpù gáàsì àti ti epo láti Kyaukphyu, ní Arakan kan náà, wọ ilẹ̀ rẹ̀. Íńdíà ń ṣe ọ̀nà tirẹ̀ gba odò Kaladan, odò Isaac yẹn gan-an, láti èbúté Sittwe lọ sí ìlà-oòrùn ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní ọjà nílé onílé kì í fẹ́ bá baálé jà. Bangladesh tó gba àlejò, òun nìkan ló ń fà á.

Ẹni tó gbé Myanmar lọ sí kóòtù àgbáyé ní oṣù kọkànlá 2019? Gambia! Orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, tí àwọn bàbá wọn wà nínú Dífíṣọ̀n 81. Abubacarr Tambadou, mínísítà ètò ìdájọ́ wọn nígbà náà, ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù tó dá ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda. Ó dé àgọ́ àwọn Rohingya ní 2018, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó dá a mọ̀. Ẹ sì rántí bí ìjọba tirẹ̀ ṣe dúró: ní oṣù kìíní 2017, Jammeh kọ̀ kò gbé ìjọba sílẹ̀, àfìgbà tí ṣọ́jà ECOWAS dé, Senegal níwájú, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn. Kí n má parọ́, ECOWAS kan náà ni Mali, Niger àti Burkina Faso jáde nínú rẹ̀ ní 2025, nítorí náà kí a má yangàn jù. Ṣùgbọ́n ká ní àwa náà ní kí olúkúlùkù máa wo ilé tirẹ̀ ni, Tambadou kò ní sí ní ipò yẹn.

Myanmar ní kí ló kan Gambia. Ní oṣù keje 2022, kóòtù ní ó kàn án: orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí àdéhùn 1948 lórí ìpakúpa ẹ̀yà lè pe ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó wá gbèjà Myanmar nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ni Aung San Suu Kyi, tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 1991. Ní oṣù kejì 2021, àwọn ológun tó gbèjà náà gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀rọ̀ ṣì kù lórí ìyẹn, mo máa kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ní oṣù kejì 2024, Arakan Army, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ará Arakan tó ń bá ìjọba ológun jà, gba Mrauk U. Myohaung tún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ọdún 79 lẹ́yìn tiwa. Àwọn Rohingya tó kù níbẹ̀ wà láàárín ìbọn méjì.

Tí bàbá bàbá yín bá lọ Bọ́mà, ẹ bi àwọn àgbà ilé kí wọ́n tó gbàgbé: ìlú wo ló máa ń dárúkọ, ta ló fún un lóúnjẹ níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Mo fẹ́ wò wọ́n lórí máàpù.