Abẹ́rẹ́ àti Ásíìdì: Òṣogbo Títí dé Mushin

Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Command ní Èkó, tí ó gba Ìyànà-Ìpájà já sí Ọ̀ṣọ́dì, kò ní pẹ́ dé Mushin, níbi tí Bruce Onobrakpeya, ọmọ Agbarha-Otor ní ilẹ̀ Urhobo, tí a bí ní 1932, fìdí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí àwòrán tí a ń fi ásíìdì fín sára irin tó dé Mushin, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni ó kọ́kọ́ gbà kọjá.

Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, ọ̀gá eléré, pẹ̀lú Ulli Beier, ará Jámánì, dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, àbúrò Mbárí ti Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Ru van Rossem, ará Netherlands, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti í fi ìda bo síǹkì tàbí bàbà pẹlẹbẹ, tí a ó fi abẹ́rẹ́ họ ìda náà títí irin yóò fi yọjú, tí a ó sì rì í bọ inú ásíìdì kí ó lè jẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni a ó fi yíǹkì kún inú ilà náà, a ó nu òkè rẹ̀ nù, a ó tẹ́ bébà tútù lé e, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bí irin bá ṣe pẹ́ nínú ásíìdì tó ni ilà ń jinlẹ̀ tó, tí dúdú rẹ̀ sì ń kì. Ilẹ̀ tí Ọ̀yọ́ ti ń fín igbá láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ásíìdì nìkan ni ó lè jẹ́ àjèjì níbẹ̀.

Táíwò Ọláníyì, ẹdúnjobí, oníjó, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, bá àwọn tí ń polówó oògùn jó wọ Òṣogbo, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mbárí Mbáyọ̀ ní 1964. Wo iwin kan tí ó fi abẹ́rẹ́ yà: ilà tín-ín-rín ń lé ara wọn kiri awọ rẹ̀, ìpẹ́ ń bí ìpẹ́, ojú ń yọ níbi tí a kò retí ojú, kò sì sí ibi tí ó ṣófo tí ènìyàn lè fi ojú sinmi sí. Kirchner, ayàwòrán ará Jámánì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbéra ní Dresden ní 1905 ní láti kọ̀yìn sí ẹ̀kọ́ ilé ìwé kí ilà wọn tó lè gbọ̀n bí ọkàn wọn ti ń gbọ̀n. Táíwò kò ní ẹ̀kọ́ kankan tí yóò gbàgbé. Ní tèmi, kò sí ohun aláwọ̀ tí ó ṣe lẹ́yìn náà tí ó mú tó àwọn àwòrán dúdú wọ̀nyí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Onobrakpeya, tí òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ van Rossem, ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Zaria, ó sì di olùkọ́ ní St. Gregory's ní Èkó ní 1963. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ: ní 1967, ásíìdì jẹ irin rẹ̀ kọjá ààlà. Dípò kí ó sọ ọ́ nù, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite dí ojú ibi tí ó bàjẹ́, ó sì rí i pé ilà tí í máa ń sùn lórí bébà lè dìde, kí ọwọ́ sì máa tọ́ ọ wò. Láti inú èyí ni ó ti mú ọgbọ́n tí ó pè ní plastograph jáde. Láti 1998 ni ó ti ń pe àwọn ayàwòrán jọ sí Agbarha-Otor nígbà ọyẹ́, kí wọ́n wá kọ́ èyí àti òmíràn lọ́dọ̀ ara wọn.