Ikọ́ sémìísémìí

Inú “sé èémí” ni wọ́n ti fa orúkọ yìí yọ: àìsàn tó ń sé ènìyàn léèémí, tí àyà á máa súfèé. Kì í ṣe ikọ́ ife, èyí tí kòkòrò ń fà tó sì ń ràn. Sémìísémìí kì í ràn rárá. Ọ̀nà èémí ló ń wú, tó ń fún. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, eruku ọyẹ́ àti èéfín igbó tí wọ́n ń dáná sun lẹ́ẹ̀rùn máa ń ru ú sókè. Dókítà á ní kí aláìsàn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, kó lè mọ bó ṣe le tó. Salbutamol, ìńhélà búlúù, ń la ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú náà. Ìwọ tó jẹ́ òun nìkan lò ń lò, jọ̀wọ́, bi dókítà léèrè nípa ìńhélà tó ní steroid, èyí tó ń wo wíwú náà.