Ọjọ́ Kan Gbáko ní Santa Pod

Nínú gbogbo ìdíje ọkọ̀ tí mo mọ̀, kò sí èyí tó tètè ń parí bíi drag. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sì já lọ lójú ọ̀nà gbọọrọ kan tí kò ní kọ́nà rárá. Fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Top Fuel, tí í ṣe ọ̀gá pátápátá, mítà 305 péré ni ọ̀nà náà, wọ́n sì ti gbà á tán kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó pé. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ti pàdánù. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é ní eré aláriwo lásán. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì dúró lábẹ́ àgọ́ àwọn mẹ́káníìkì kó wo ohun tí ojú wọn ń rí láàárín ìdíje kan sí èkejì.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi ń kásẹ̀ sáà nílẹ̀ ni mo fẹ́ tò ní wákàtí-wákàtí níbí: European Finals ní Santa Pod, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù Kẹsàn-án. N kò tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan pàtó o. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ fún ẹgbẹ́ tó ti Sweden tàbí Finland wá ni mo kó jọ sójú kan. Wọ́n ti rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ibí. Ètò sáà ilẹ̀ Yúróòpù ti FIA, àjọ tó ń bójú tó eré ọkọ̀ lágbàáyé, máa ń yí díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àmọ́ Santa Pod yìí kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oṣù Karùn-ún bá ń lọ sópin. Wọ́n á lọ sí Finland, wọ́n á lọ sí Tierp ní Sweden, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ dé Hockenheim ní Jámánì nínú oṣù Kẹjọ, kí wọ́n tó tún forí lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tírélà ni wọ́n fi ń kó gbogbo ẹrù, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé tírélà náà sọdá.

Aago mẹ́fà àárọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́, ìrì ṣì wà lórí kọnkéré. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni ibí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 92nd Bomb Group ló ń gbé ọkọ̀ B-17 gbéra láti Podington yìí lọ ju bọ́ǹbù. Nígbà Ọdún Àjíǹde 1966 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀nà drag àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Ibi tó gùn tó sì tẹ́jú ni ọkọ̀ òfuurufú ń fẹ́ kó tó lè gbéra, ohun tí drag náà ń fẹ́ nìyẹn.

Bí ìrì bá ti gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ pápá á fọ́n omi kan tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ sójú ọ̀nà, katakata á sì máa wọ́ táyà àtijọ́ tẹ̀lé e kí rọ́bà lè mọ́ kọnkéré lára. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lẹ́yìn náà ní láti máa fa ẹsẹ̀ yọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàtà tí kò ní okùn á kù sílẹ̀. Ọ̀gá mẹ́káníìkì ti jí. Ó ń wo ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ojú ọjọ́: bó ṣe gbóná sí, bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù máa ń ki, á fún ẹ́ńjìnnì lágbára, agbára náà sì lè pọ̀ ju ohun tí táyà lè gbà lọ. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo nǹkan dúró nìyẹn, torí Top Fuel kì í sáré lórí omi. Ká ṣáà ní ojú ọjọ́ dára lónìí.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. Wọ́n fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì jí. V8 ni, lítà 8.2, àwọn tó ń ṣe é sì fojú bu agbára rẹ̀ sí bí agbára ẹṣin 11,000. Pẹtiróòlù kọ́ ló ń mu. Nitromethane ni, tí gbogbo wọn ń pè ní nítírò, pẹ̀lú methanol díẹ̀. Nítírò inú rẹ̀ lè tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Oxygen wà nínú nítírò fúnra rẹ̀, torí náà kò nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó jó. Pẹtiróòlù kílò kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7, kílò 1.7 ti tó nítírò. Afẹ́fẹ́ kan náà tó bá wọ inú sìlíńdà á wá jó epo tó ju ìlọ́po mẹ́jọ ti pẹtiróòlù lọ. Ibi tí agbára ti ń wá nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ewu ti ń wá. A lè fi nítírò ṣe bọ́ǹbù, ìdí nìyẹn tí òfin European Union 2019/1148 àti òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbà kí aráàlú rà á láìní ìwé àṣẹ.

Òṣìṣẹ́ kan fún epo díẹ̀ sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, ó gbà. Ilẹ̀ mì tìtì. Gbogbo ẹgbẹ́ ti fi ìbòjú tí ń dènà gáàsì bo imú, torí èéfín nítírò ní ásíìdì nínú, ó ń ta lójú, ó sì ń dí ọ̀fun. Àwọn òǹwòran tó dúró létí okùn kò ní ìbòjú kankan. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò sì kúrò níbẹ̀.

Aago mọ́kànlá. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni àyè wà fún ní Top Fuel: mẹ́rin á kù lẹ́yìn ìdíje àkọ́kọ́, méjì lẹ́yìn ìkejì, ọ̀kan lẹ́yìn ìkẹta. Ẹni tó bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di sáà tó ń bọ̀.

Awakọ̀ wọ aṣọ onípele púpọ̀ tí iná kì í tètè ràn, ó wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì so ó mọ́jókòó débi pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló lè gbé. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Anita Mäkelä, ará Finland, gba ife-ẹ̀yẹ Top Fuel ilẹ̀ Yúróòpù ní 2016, ó tún gbà á ní 2018 àti 2019. Ida Zetterström gbà á ní 2023, lọ́dún tó tẹ̀lé e ó ti ń wakọ̀ láàárín àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà. Jndia Erbacher láti Switzerland, ọmọ Urs Erbacher tí òun náà jẹ́ ògbóǹkangí awakọ̀, wà lára àwọn obìnrin tó ti wa Top Fuel. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn òbí tó máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin pé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn.

Wọ́n wa ọkọ̀ gba inú omi, wọ́n yí táyà ẹ̀yìn lójú kan kó lè gbóná, èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan dúró níwájú, ó ń fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ bó ṣe máa fẹ̀yìn rìn padà sínú ojú rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀; bó bá yà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó ti bà á jẹ́. Ọkọ̀ méjèèjì rọra sún mọ́ ìlà. Iná aláwọ̀ òféèfèé mẹ́ta tàn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, iná aláwọ̀ ewé tàn. Awakọ̀ tó bá dúró de ti ewé kó tó gbéra ti pẹ́. Èyí tó bá kánjú jù á tan iná pupa, ó ti fìdí rẹmi láì tíì sáré.

Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ó ti lé ní kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Níbi ìlà ìparí, ó ń súnmọ́ 500, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Páráṣúùtù méjì ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ló wọlé. Wọn ò ráyè yọ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ibi tí mo ní lọ́kàn láti àárọ̀ nìyí. Awakọ̀ Èkó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì mọ̀ pé ọkọ̀ òun á sun ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Níbí, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa tú, tí wọ́n máa tò, tí wọ́n sì máa tún ta jí, láàárín wákàtí kan àti díẹ̀.

Wọ́n ta ọkọ̀ sórí jáàkì. Ẹnì kan ti sùn sábẹ́ rẹ̀, ó ń tú ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà ṣì gbóná, àwọ̀ rẹ̀ ti di eérú, torí nítírò tí kò ráyè jó ti ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹni méjì wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n ń yọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Supercharger tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì ti kúrò lórí. Ẹlòmíì wà lẹ́yìn, kúlọ́ọ̀ṣì ló dojú kọ. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, kálukú mọ bọ́ọ̀tù tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó yọ bẹ́ríìnì kọ́nírọ́ọ̀dù, ó nù ún, ó sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ojú bẹ́ríìnì náà ni ìwé tó ń kà. Bó bá ń dán déédéé, sìlíńdà yẹn ò ṣe wàhálà. Bó bá ti fẹ̀ tó sì tinrin lápá kan, písítìnì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, iná ti ń gba epo jó ṣáájú àkókò. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, láti ìkíní dé ìkẹjọ, kí ọ̀gá lè wò wọ́n. Pọ́lọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀, méjì-méjì fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹnu òmíràn ti jó dànù. Ọ̀gá tẹ̀ ba, ó wò wọ́n títí, kò sọ nǹkan kan. Ìkeje ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n tún iye epo tó ń lọ síbẹ̀ ṣe díẹ̀.

Kúlọ́ọ̀ṣì ni ọgbọ́n wà. Ọkọ̀ yìí kò ní gíà tí awakọ̀ ń pààrọ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì á kọ́kọ́ máa yọ̀, á wá máa dì mú díẹ̀díẹ̀ bí àkókò tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ ṣe ń tó, títí yóò fi gba gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì sọ́dọ̀ táyà. Bó bá yá dì mú jù, táyà á yí lófo. Bó bá pẹ́ jù, alátakò ti lọ. Awakọ̀ kò lè tún un ṣe lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá pinnu lábẹ́ àgọ́ náà ni yóò ṣẹlẹ̀.

Aago méjìlá ààbọ̀ ku díẹ̀, epo tuntun ti wọ inú ọkọ̀, ó ń lọ bíi lítà 50 ní ìdíje kan ṣoṣo. Wọ́n tún ta á jí. Ó gbà. Búrẹ́dì tí ẹnì kan ti gé sílẹ̀ láti àárọ̀ ni wọ́n jẹ lórí ìdúró.

Aago mẹ́ta ọ̀sán. Oòrùn ti yọ, kọnkéré ti gbóná ju ti àárọ̀ lọ, rọ́bà orí rẹ̀ ti ń rọ̀. Ohun tó dára láàárọ̀ ò dára mọ́ báyìí. Ọ̀gá dín agbára kù, ó sún àkókò kúlọ́ọ̀ṣì síwájú díẹ̀. Wọ́n gbéra, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì yọ̀. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà dì mú. Ó yẹ kí wọ́n ti pàdánù. Ṣùgbọ́n ti alátakò ti yọ̀ ṣáájú tiwọn, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ sì ti kú sí ààbọ̀ ọ̀nà. Wọ́n wọlé ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa fi yangàn lọ́jọ́ mìíràn.

Wọ́n tún tú u palẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí písítìnì méjì ló jó, ọwọ́ ń yá, ẹnu ò sọ̀rọ̀.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdíje ìkẹyìn. Alátakò wọn ló kọ́kọ́ gbéra, ọkọ̀ wa yá jù ú lọ lójú ọ̀nà, kò sì bá a mọ́. Ọkọ̀ tó sáré yá jù ló pàdánù, nítorí ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan tí awakọ̀ kejì fi rí iná ṣáájú. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbà pé irú ìjákulẹ̀ yìí ló ń dunni jù nínú eré yìí, torí àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì ti ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n ń kó ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ drag nílẹ̀ Yúróòpù kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Ìsinmi ọdún wọn ni wọ́n ń lò, kálukú ló níṣẹ́ tó ń padà sí nílé. Owó táyà, owó nítírò, owó ọkọ̀ ojú omi, àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń san díẹ̀, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ń fi tirẹ̀ kún un.

Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú European Union, ìwé carnet tí wọ́n fi ń kó ẹrù gba ẹnubodè ti dàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan. Gbogbo ẹrù tó wọlé ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹnì kan ń kà á sókè, ẹlòmíì ń dáhùn láti inú tírélà: tọ́ọ̀pù sìlíńdà, mélòó? Ó pé. Supercharger? Ó pé. Sípánà kan ò sí níbẹ̀, wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wá a nínú koríko títí wọ́n fi rí i.

Aago mẹ́wàá kọjá, tírélà jáde lẹ́nu ọ̀nà Santa Pod. Ọ̀gá mẹ́káníìkì jókòó síwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, ó ń wo àkọsílẹ̀ kúlọ́ọ̀ṣì ti ìdíje kejì, níbi tí táyà ti yọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó fà á kí wọ́n tó dé èbúté Dover.